Ọmọ Tí Ó Ti Dé Oko Baba Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ayé òde òní bí ni èyí tí ó dé oko baba ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì padà wálé wí pé igbó kìjikìji ni baba òun ń pè ní oko.

Irú wọn ń bẹ ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra. Ọ̀gá oníṣòwò kan lọ najú ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú ọba, àrímáleèlọ. Láti ìgbà tí ó ti dé, kò sí oníbàárà tí yóò ra púlọ́ọ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gùn níbẹ̀ láti ọdún 1863, àti bí òun ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Tower of London dé Westminster tí kò rẹ òun.

Ẹlẹ́sẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà kò lè rìn dé Kaneshie nítòsí àyàfi kí ó wọ takisí. Bí méètì, agbowó ọkọ̀ akérò trotro, bá na ìka sísàlẹ̀, tí ó ń fi í yí bírí, tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ pé agbègbè Circle ni ọkọ̀ ń lọ, ọ̀gá wa a yínmú. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti dé James Fort tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sí Accra níbí ní 1673 rí?" Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ wá lọ síbẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ṣòwò ní Gánà títí òfin ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fi lé wọn ní 1969, mọ oko ẹni ẹlẹ́ni dénú; wọ́n gbọ́ èdè onílé, wọ́n mọ ọ̀nà ọjà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ilé baba wọn ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ tún ṣe.

Kí ọ̀gá wa wo ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí ó ń tà: ó pẹ́ ní Ìlú Ọba jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti so ó mọ́ trotro, ó dákẹ́ ẹjọ́, ó ń gbé èrò Kaneshie.