Ẹ̀yin Ará Ṣáṣá, Ojú Ò Tiẹ̀ Tì Yín?

Mo ti ní n ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Ohun tí etí wa gbọ́ ní Ṣáṣá, l'Ékòó níbí, lóṣù Kẹta ọdún 2006, nígbà tí wọ́n ń ka gbogbo Nàìjíríà, háà! Ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé de àwọn akanìyàn. Wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àti ẹ̀yà kúrò nínú fọ́ọ̀mù nítorí ìjà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù náà béèrè olórí ilé, ohun tí kálukú jẹ́ sí i, ọjọ́ orí, omi tí ẹ ń mu, títí kan irú ilé ìgbẹ́ tí ẹ ń lò. Nínú ilé tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, ta ló fẹ́ di etí?

Bàbá onílé kan, àgbà tó máa ń là wá níjà! Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ìyàwó kan ṣoṣo lòun ní. Ìyáálé wà nínú yàrá, ó ń gbọ́. Ìyàwó kékeré ń dín àkàrà lẹ́yìnkùlé, òun náà ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ẹyọ kan náà nínú àwọn méjèèjì? Ńṣe ni ìyàwó kékeré sọ agbada kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí àkàrà jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìyá kan ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyẹn yé mi, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ méje, mẹ́rin ló dárúkọ, òun kan náà ló tún ń bú káńsílọ̀ pé ilé ìwé ò tó.

Àwọn tó wá bí mi nínú jù ni àwọn tó di ẹrù lọ sábúlé kí wọ́n lè kà wọ́n níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà Ṣáṣá, ìlú baba wọn ni orúkọ wọn lọ! Ìwà wo nìyẹn?

Èsì dé: Kánò 9,401,288, Èkó 9,113,605. Ariwo ta. Ìjọba Tinubu, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, ti ka tiwa lọ́tọ̀, wọ́n rí 17,552,942. Ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ wa, àjọ ìjọba àpapọ̀ ní 1,277,714; ti ìpínlẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì. N ò sọ pé ọwọ́ Àbújá mọ́ o. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́mọ méje yẹn ló pariwo màgòmágó jù ládùúgbò.

Lọ́dún 2023, wọ́n ní àwọn máa tún kà wá lóṣù Karùn-ún. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni Buhari, ààrẹ ìgbà náà, sún un síwájú. Inú bàbá onílé wa dùn dé ẹ̀yìn: ó ti fẹ́ ìkẹta.