Yunifásítì Àwọn Tó Ń Tẹnu Iṣẹ́ Bọ̀

Yunifásítì aládàáni tí kì í pín èrè pọ̀ ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ nìkan sì tó láti ṣi ará ilé lọ́nà. Bí wọ́n bá dárúkọ yunifásítì aládàáni ní Ìbàdàn, ohun tó ń wá síni lọ́kàn ni irú èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún níwèé àṣẹ ní 1999, tí Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ wà lára àwọn àkọ́kọ́: ọmọ ọdún 17, géètì gíga, ìwé ìyọ̀ǹda kí ọmọ tó jáde, àti bàbá tó ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, aládàáni kàn túmọ̀ sí pé ìjọba kọ́ ló ni ín. Àìpín èrè sì túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí yóò máa retí ìpín tirẹ̀ lópin ọdún. Owó tó bá ṣẹ́ kù, inú ilé-ìwé ló ń padà sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tí ìjọ ń kéde oúnjẹ ọ̀fẹ́, títí di ọjọ́ tí ìwé owó dé.

Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí òṣìṣẹ́ nínú wọn ti pẹ́. Golden Gate University ní San Francisco pìlẹ̀ ní 1901 láti ara ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí YMCA ń ṣe fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. City University of Seattle dé ní 1973. Èyí tó yẹ ká dúró tì ni National University ní San Diego, tí David Chigos, ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, dá sílẹ̀ ní 1971. Ìlú ológun ojú omi ni San Diego. Ẹni tó wà lórí omi lóṣù yìí tí yóò wà lórí ilẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ kò lè fi oṣù mẹ́rin gbáko jókòó ti sẹ̀mẹ́sítà. Ètò tí ilé-ìwé náà fi gbajúmọ̀ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu: kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó parí, ó di òmíràn. Nínú ètò yẹn, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń gba yúnìtì 180, kọ́ọ̀sì kan ní 4.5, ìyẹn kọ́ọ̀sì 40 fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹni tó ti kàwé níbòmíràn lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, bí ilé-ìwé tó ti jáde nílé bá lè rí fáìlì rẹ̀.

Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ni ọmọ Yorùbá ti ń kọ́kọ́ jìyà. Nílé, ilé-ìwé ló sábà máa ń fi àkókò akẹ́kọ̀ọ́ ṣòfò. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ní ìwọ̀n àkókò yẹn, ará San Diego ti lè parí kọ́ọ̀sì mẹ́jọ, nígbà tí ọmọ Ifẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀ tó sì ti gbòmìnira. Lókè òkun, akẹ́kọ̀ọ́ ni kò rí àkókò. Bí ìyá rẹ̀ bá wá sùn un re ní Iléṣà ńkọ́? Òkú àgbà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sin láàárín ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán. Wọn yóò ra aṣọ, wọn yóò kun ilé, àwọn mọ̀lẹ́bí yóò kọ́kọ́ jà ná. Kí ọmọ olóòkú tó dá gèlè padà sínú àpótí, kọ́ọ̀sì ti dópin. Olùkọ́ yóò bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, yóò sì fi ọjọ́ méjì kún un.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń wáyé gan-an kì í sábà jẹ́ inú ọgbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ti lé ní ogójì ọdún dáadáa jókòó sínú ọkọ̀, ó ti bọ́ bàtà iṣẹ́, kọ̀ǹpútà wà lórí sítíárìn, ike ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti tutù wà lórí àga kejì. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn ló ń lò, ìdí nìyẹn tí imú ọkọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọlé ní 11:59. Ní 11:57 ó fi í ránṣẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó wá tún un kà. Àdúrà ọjọ́ ìsinmi tí àǹtí rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti Ìjẹ̀bú-Igbó ti bá a wọ inú ìpínrọ̀ kejì, odindi, pẹ̀lú àmín mẹ́ta. Nígbà tí èsì dé, olùkọ́ ní ìpínrọ̀ yẹn wú òun lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ máàkì méjì nítorí kò sí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ níbẹ̀.

Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìṣòro mìíràn. Òun pẹ̀lú ń tẹnu iṣẹ́ bọ̀, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì máa pe òun ní Mike. Ahọ́n tí wọ́n fi "ẹ" tọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá gbìyànjú "Sà", wọ́n kọ̀; ó gbìyànjú "Dókítà", wọ́n ní kó fara balẹ̀; níkẹyìn ó fẹnu kò sí "Professor Mike". Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọdékùnrin tó lè bí ń pè é ní orúkọ àbísọ gbàgàdà, ó tún ń bi í pé kí ló ń dá apá tirẹ̀ dúró.

Nínú kíláàsì kan náà ni ẹlòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yí padà pátápátá: akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ìwé I-20 tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ ló gbé dé iwájú òṣìṣẹ́ físà ní Walter Carrington Crescent l'Ékòó, lẹ́yìn tó ti san 350 dọ́là sí ìjọba Amẹ́ríkà lórí orúkọ rẹ̀ nìkan, owó físà lọ́tọ̀. Físà F-1 ní kó máa ka ìwé ní kíkún, kó sì máa jókòó nínú kíláàsì. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n ń kà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní sáà kan. Iṣẹ́ tó lè ṣe kò kọjá wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, inú ọgbà ilé-ìwé sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí òṣìṣẹ́ ṣe ní akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níta bó ṣe wù ú. Ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó sùn, èkejì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó làágùn. Olùkọ́ wá ní kí oníkálukú kọ nípa ìjà kan níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyáàfin Ìjẹ̀bú kọ ojú ìwé mẹ́fà láìdáwọ́ dúró, ó kàn pa orúkọ ọ̀gá rẹ̀ dà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní láti fọkàn padà sí ṣọ́ọ̀bù bùrọ̀dá rẹ̀ ní ọjà Alábà l'Ékòó, níbi tó ti bá wọn ta rédíò ní ìsinmi kan, kó tó rí ìjà mú wá.

Nílé, èyí tó sún mọ́ irú ilé-ìwé yìí jù ni National Open University, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í ní 1984, Ọbásanjọ́ sì jí i padà nígbà tó di ààrẹ alágbádá. Lẹ́yìn tó kúrò lórí oyè, òun fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni nígbà tó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé tún wá tò lórí ìlà láti wọlé.

Ẹ̀kọ́ yíyá kì í ṣe ẹ̀kọ́ awúrúju, àmọ́ ẹ̀mí ìfura kì í jìnnà sí i. Ní ìparí 2023, oníròyìn Nàìjíríà kan fi hàn pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun fi gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Cotonou. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin San Diego jẹ́ ti kọ́ọ̀sì kan, ti Cotonou jẹ́ ti gbogbo rẹ̀. Ìfọwọ́sí ni akẹ́kọ̀ọ́ gidi ń kọ́kọ́ bèèrè: àjọ WASC ni fún National University láti 1977, àjọ NUC ni fún àwọn ti ilé. Ìbéèrè ti mọ̀lẹ́bí yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nítòsí Harvard.

Ayẹyẹ ìparí ẹ̀kọ́ ló ń dá wọn lóhùn. Ilé-ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì níwọ̀nba. Ìdílé Ìjẹ̀bú dé pẹ̀lú ọkọ̀ mẹ́rin, aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé àti kúlà oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ gorí pèpéle, ó bọ Mike lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí, wọ́n sì gbé páálí aláwọ kan tó gbayì lé e lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, àǹtí tó fò wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó gba páálí náà, ó ṣí i láti gbàdúrà lé ìwé ẹ̀rí lórí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nílé, ẹni tó fẹ́ gba tirẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá ìbuwọ́lù láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, láìbínú. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, olùpín lẹ́tà mú un wá nínú àpòòwé, ó sì fi í sáàárín ìwé ìpolówó ẹran adìyẹ.