Orin Ọmọ Onídòdò

Ẹ sún mọ́bí jàre, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé fi igbe sọ. Ṣé ẹ mọ ọmọ ìyá tó ń dín dòdò ní gáréèjì Ìkirè, èyí tó máa ń wọ jígí dúdú lóru? Ó ti di olórin o! Wọ́n pè é síbi ìkómọ kan l'Ápòmù. Ó gba máíìkì, ó ní ìlú le, kò síná, àwọn òṣèlú ń fìyà jẹ wá. Òótọ́ ni, àbí ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ àmàlà ò gbójú sókè. Káńsẹ́lọ̀ kan tó wà níbẹ̀ gan-an ń mi orí sí i pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Lójú tiẹ̀, àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí!

Orin tó bá gbogbo ayé wí, ta ló bá wí gan-an? Ẹ wo Haruna Ìṣọ̀lá, baba àpàlà. Ẹgbẹ́ gbajúmọ̀ kan l'Óṣogbo ló kì lọ́dún 1971, Oroki Social Club. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Síbẹ̀, títí dòní, bí wọ́n bá fi orin náà síbi àríyá, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Fela náà ńkọ́? Gbogbo bó ṣe bú ìjọba tó, Coffin for Head of State ló máa ń pa mí lẹ́nu mọ́, torí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ ni. Ṣọ́jà ju ìyá yẹn láti ojú fèrèsé lọ́dún 1977, ó kú lọ́dún kejì, ni Fela bá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, níbi tí ìjọba ológun wà nígbà náà.

Ibo ni mo bọ́rọ̀ dé? Ẹ̀n, ọmọ wa. Nígbà tó rí i pé àmàlà fẹ́ borí orin, ó yí ohùn padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyá ẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù, tí ẹlòmíì máa dà nù, ìyá á fi ata àti iyọ̀ gún un, á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú, kówó iléèwé lè pé. Ó wá dé ibi tí ìyá sá sẹ́yìn dírọ́ọ̀mù nígbà tí ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wá sin gbèsè.

Yéè! Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún jókòó síbẹ̀! Àyà mi já, torí ọjà ìlú Àpòmù yẹn náà ni wọ́n ti jà lórí atáare lásán láyé àtijọ́, tó di ogun Òwu. Àfi bí obìnrin yìí ṣe dìde, tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń lẹ owó mọ́ ọmọ níwájú orí.

Ìyá ẹ̀ gbọ́, ó ní, “Ta ló ní kó o gbé mi síta?” Ó tún ní, “Èló ni wọ́n ná fún ẹ? Ìpín mi dà?”

Ní báyìí, gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń kó ẹjọ́ wá bá a. Ìyá ẹlẹ́kọ ilé kejì ti ro ti ọkọ ẹ̀ látòkè délẹ̀. Lálẹ́ àná, ọkọ náà yọ́ wá, ó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún dání, ó ń bẹ ọmọ wa pé kó jọ̀ọ́, kó padà sórí ọ̀rọ̀ òṣèlú.