Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Ní Kí N Bọ́ Bàtà

Ẹ̀yin ẹbí mi ní Oníyanrìn n'Ìbàdàn, mo fẹ́ fẹjọ́ yín sùn. Mi ò ní gbé e lọ sí tésàn, torí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ni n óò fi rìn dé ọ̀hún. Mi ò sì ní gbé e lọ síwájú mọ́gàjí, torí bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọn á ní kí n kọ́kọ́ bọ́ bàtà ná. Ẹni tó bá ṣáà lè kàwé, tí gìgísẹ̀ sì ti dùn rí, òun ni mo fi ṣe adájọ́.

Gìgísẹ̀ ọ̀tún ni. Kò wú, kò bó, kò ṣẹ̀jẹ̀, wọn ò sì fi báńdéèjì dì í. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo jábọ́ lórí ọ̀kadà ni, tí wọ́n fi P.O.P. di ẹsẹ̀ mi, gbogbo agbo ilé ni ì bá máa gbé àga tẹ̀lé mi kiri, ẹran itan ì bá sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n àìsàn tí kò ṣeé fi hàn ni tèmi, ohun tí mo sì ń gbọ́ ni, "Ọjọ́ orí ló dé yẹn." Ọjọ́ orí wo? Ẹni tó ń sọ ọ́, eyín mélòó ló kù lẹ́nu rẹ̀? Òun náà sì rèé, ẹsẹ̀ ló ń fi lọ Ọjà'ba láràárọ̀, kì í sì í mí gúlegúle.

Onífisiọ̀ tó yẹ ẹsẹ̀ mi wò l'Ékòó ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní iṣan pẹlẹbẹ kan tó nípọn ń bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ta láti eegun gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ ìka, òun ló gbé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ dúró. Plantar fascia lorúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń pẹ́ lórí ìdúró, tó sanra díẹ̀ (ikùn mi ló ń wò nígbà tó ń sọ ìyẹn), tó sì ń wọ bàtà pẹlẹbẹ tí kò ní tìmùtìmù nínú, ibi tí iṣan yẹn ti so mọ́ eegun gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dun onítọ̀hún. Lóru, bí a bá sùn, á súnkì. Láàárọ̀, bí a bá fẹsẹ̀ lélẹ̀, á nà lójijì. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn tẹ eegun ẹja àrọ̀ mọ́lẹ̀ lókùnkùn. Bí mo bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Bí mo bá tún jókòó pẹ́ tí mo dìde, ó tún dé nìyẹn.

Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ṣá o. Ó ní kì í ṣe àrùn àìwòsàn, pé ọ̀pọ̀ ló máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ sí ọdún kan láìsí pé wọ́n fọ̀bẹ kàn wọ́n, bí wọ́n bá lè gbọ́ràn. Kí n máa na ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi. Kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ike omi dídì nílẹ̀. Kí n máa wọ bàtà tó rọ̀ ní gìgísẹ̀. Èyí tó wá ga jù níbẹ̀: n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ líle, ìbáà ṣe nínú ilé.

Ìbáà ṣe nínú ilé! Ó hàn pé ọmọ yẹn ò dé agbo ilé Ìbàdàn rí.

Mo gba lííìfù níbi iṣẹ́, mo wálé wá ṣọdún Iléyá. Lójú tèmi, ìsinmi ni mo wá sí. Lójú tiyín, ọmọ wá délé, ó sì gbọ́dọ̀ kí gbogbo ayé, ilé sí ilé, ojúlé sí ojúlé. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, òkìtì bàtà ti wà níbẹ̀: sílípáàsì onírọ́bà tí wọ́n fi okùn so etí rẹ̀, bàtà gogoro ọmọge kan, sálúbàtà alálàájì, bàtà ọmọdé tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù. Tárásò àtijọ́ ló wà nínú pálọ̀ lọ́hùn-ún, ó ń dán, ó tutù, ó sì le. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ forí jì mí, dókítà ni ò jẹ́ n bọ́ bàtà."

Wọ́n wò mí tẹsẹ̀ torí. "Dókítà wo? Èyí tó ń wọ bàtà wọ pálọ̀ bàbá ẹ̀?"

Mo bọ́ ọ. Nígbà tí mo máa fi jáde, bàtà ọ̀hún, èyí tí mo forí ti gbèsè rà nítorí tìmùtìmù inú rẹ̀, kò sí lórí òkìtì mọ́. Ọmọdékùnrin kan ló ti kì í bọsẹ̀ lọ ṣáláńgá. Ó dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bọ̀dá. Bàtà yín rọ̀ gan-an ni."

Bẹ́ẹ̀ ìjókòó ló burú jù. Mi ò gbọdọ̀ má jókòó, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ní mo ti kà wọ́n sí ọ̀tá ni? Mo jókòó, omi dé, kóòkì dé, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọmọ tí a ò tíì bí. Ká tó parí, iṣan ti súnkì. Mo dìde, mo tẹ ilẹ̀, mo sì pariwo "Yéè!" Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí. Ojúlé kejì, bákan náà. Bí mo bá wá fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ, àwọn ìyàwó ilé á ti rí mi: "Ọkọ mi, Àkànjí!" Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oríkì nìyẹn. Ta ló máa ń rìn nígbà tí wọ́n bá ń kì í? Ìdúró ni. Mo dúró sójú kan lórí sìmẹ́ńtì, orí mi ń wú, gìgísẹ̀ mi ń ké. Àpò ni wọ́n wá fẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀, àmọ́ ká ní wọ́n lè gbé àpótí kan fún mi ni, ǹ bá fún wọn ní ìlọ́po méjì.

Mọ́ṣáláṣí nìkan ni mi ò lè bá jà. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dè mí. Ọlọ́run mọ̀ nípa gìgísẹ̀ ju ẹbí lọ.

Àwọn ará ilé ní kí n má wọ káńfáàsì sí agbádá mọ́. Mo wọ̀ ọ́ lọ Yídì, ẹgbẹ́ mi kan sì bi mí bóyá mo fẹ́ sá eré ìje lẹ́yìn ìrun ni. Ẹ̀rín pa á títí tí ìmáàmù fi kabara.

Ẹ̀yin oníṣègùn ọ̀fẹ́ ńkọ́? Ìlú tí yunifásítì rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn onífisiọ̀ láti 1966 lèyí o! Síbẹ̀, ẹnìkan ní àbóníkì ni, ẹnìkan ní òrí gbígbóná, ẹnìkan ní àgbo làkúrègbé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé mi ò tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀. Mo ní, "Tárásò ni mo tẹ̀, Ìyá." Inú wọn ò dùn sí i.

Ìtọ́jú tí onífisiọ̀ wá fún mi gan-an, níbo ni mo ti fẹ́ ṣe é? Ó ní kí n kọjú sí ògiri, kí n fọwọ́ méjèèjì tì í, kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú, kí èkejì nà sẹ́yìn gbọọrọ, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má sì ká nílẹ̀. Mo jí ní kùtù, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ògiri. Ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni. Ọmọdé méjì dúró, wọ́n ń wò mí, kórópónù ìfọṣọ wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tó kéré bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé Bàbá ni?" Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti dé Inálende pé ọmọ tó wá láti Èkó ń ti ilé bàbá rẹ̀ lálẹ́, pé bóyá ìpín ló ń wá.

Ti omi dídì lèyí tó dùn mí jù. Iná ò sí, mo lọ ra ike omi kan lọ́wọ́ ìyá tó ń ta nǹkan tútù, omi náà dì gbagidi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, mo ń yí i lọ, mo ń yí i bọ̀. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí. Wọ́n pè mí nínú ilé ní ìṣẹ́jú kan péré, nígbà tí mo fi padà, àbúrò bàbá mi ti ṣí i, ó ti mu ún kọjá ìdajì. Mo sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún un. Ó ní omi ni yóò jẹ́, ó sì mu ìyókù.

Níbi tí mo ti ń ro ìyẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti Manchester. Aago kan ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ka ìṣísẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sùn bí kò bá pé 10,000 lóòjọ́. Mo ti wádìí ẹni tó fi 10,000 yìí lélẹ̀, kì í ṣe dókítà. Àwọn ará Jàpáànù kan ló gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde ní 1965, ọdún kan náà tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Wọ́n pè é ní Manpo-kei, wọ́n sì kì 10,000 bọ inú orúkọ náà kí ọjà lè tà. Wọ́n ti tajà wọn, wọ́n ti jèrè, gìgísẹ̀ mi ní Oníyanrìn ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa sanwó.

Ọmọ yìí fẹ́ rí Ìbàdàn àtijọ́. Ta ni yóò mú un lọ? Èmi tó wà nílé, tí n kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ká wọ Máíkírà. Gbogbo ilé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò jìnnà!"

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Níbo ló jìnnà lójú yín? A bi ẹnìkan léèrè ọ̀nà Òkè Àrẹ̀, ó na ọwọ́, ó ní ká sún síwájú díẹ̀. A sún, a sún, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀, òkè tún dìde. Ológun ló tẹ ìlú yìí dó ní nǹkan bí 1829, òkè ni ológun sì máa ń wá kó lè rí ọ̀tá lókèèrè. Mi ò bá wọn wí. Àmọ́ ogun ti tán! Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹsẹ̀ làwọn bàbá ńlá wa fi rìn lọ Kírìjì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ igbe gìgísẹ̀. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn ò tú ká níbẹ̀ títí di 1893! Mo ní bóyá gìgísẹ̀ náà ni ò jẹ́ kí wọ́n tètè padà sílé.

A dé Láyípo. Wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà ní 1936 ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, àjẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Òyìnbó fi sí Ìbàdàn ní 1893. Ọkùnrin yìí náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Mo rò pé ìyà tó fi jẹ Ọ̀yọ́ ti tó, àfi ìgbà tí mo rí àtẹ̀gùn inú ilé ìṣọ́ rẹ̀. Ó ń lọ́ yípo, ó ń lọ́ yípo, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí ibi tẹ̀, iṣan ọ̀hún ló sì ń gbé gbogbo ara. Ọmọ náà ti dé òkè, ó ń pariwo pé kí n wá wo bí páànù ṣe pọ́n lọ salalu. Láti kékeré ni mo ti ń gbé abẹ́ páànù yẹn.

Láti ibẹ̀, ó di Bẹẹrẹ, ó di Mápó. Ìgbà tí wọ́n máa fi ìpìlẹ̀ gbọ̀ngán yẹn lélẹ̀ ní 1925, tí wọ́n ṣí i ní 1929, ṣé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tán ní Ìbàdàn ni? Ní September 2025 tí wọ́n fi Ọba Rashidi Ládọjà jẹ Olúbàdàn níbẹ̀, orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò ó l'Ékòó, ẹsẹ̀ mi wà lórí ìrọ̀rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Mápó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí a ó fi ta kọ́sọ́kọ́sọ́ dé Ọjà'ba, mi ò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo dá Máíkírà dúró, mo wọlé, mo jókòó, mo ní Oníyanrìn. Ọkọ̀ rìn díẹ̀, ó dúró. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dí Bẹẹrẹ pa. Lẹ́yìn tí a ti pẹ́ lójú kan, awakọ̀ fi ojú àánú wò mí nínú dígí. Ó ní, "Alàájì, ẹ ò bá máa fẹsẹ̀ lọ. Kò jìnnà."

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ẹbí, láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n gbọ́. Wọ́n ní mo jàre. Wọ́n ní láti ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ti yọ̀ǹda mi, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni láti ojúlé dé ojúlé mọ́. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì dìde tán tí Ìyá Àgbà fi ní, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ mi ti wá dilẹ̀ báyìí, èmi ni kí n máa pín ẹran ọdún káàkiri àdúgbò, kí wọ́n wá tètè fi ti ọdún yìí kọ́ mi. Wọ́n gbé bàsíà lé mi lọ́wọ́. Ti Inálende ló yá jù, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó tutù.