Ẹńjíníà Ojú Fèrèsé

Ẹ̀yin bàbá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ló kàn lónìí. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ gba tiyín. Bí iná bá wà, ta ló tó yín? Ẹ ó na ẹsẹ̀ sórí tábìlì, rìmóòtù á wà lọ́wọ́, ẹ ó ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, ẹ ń gbọ́ ìròyìn. Òjò àkọ́rọ̀ ló mọ àṣírí yín.

Ará Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń wí. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò kì í dá wá, ìjì ló máa ń rán ṣíwájú. Ojú ọ̀run á ṣú, ẹ̀ka igi á na wáyà tó wà níhòòhò lórí òpó, iná á lọ. Ẹ̀kán òjò kan ò tíì kanlẹ̀ o! Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìyàwó ti kó aṣọ lórí okùn, ó ti gbé korobá sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ti yọ wáyà fíríìjì àti ti tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti pọn àbíkẹ́yìn. Baálé ilé ńkọ́? Ó wà lójú fèrèsé. Ó ń wò bóyá iná wà lódìkejì títì. Nígbà tó rí i pé òkùnkùn kárí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀: "Gbogbo àdúgbò ni. Kì í ṣe àwa nìkan." Iṣẹ́ ilé tirẹ̀ parí.

Nǹkan bá dún gbàà lápá ibi tí tiransifọ́mà wà. "Fíúùsì J and P ló já yẹn," ni bàbá wí. Ó tún fetí sílẹ̀ díẹ̀. "Àbí high tension." Ta ló kọ́ ọ? Ọkùnrin tó ń pe oníná wá yí gílóòbù!

Ẹ wá tọ́ọ̀ṣì. Ẹni kan ṣoṣo tó mọ ibi tó wà nínú ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Òun ló fi ṣe máíkù láàárọ̀, tó ń kọrin sí i títí bátìrì fi kú.

Ó wá kan jẹnẹrétọ̀, èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour". Níbí, àánú yín ṣe mí díẹ̀. Ìta, òjò ni. Ẹ fẹ́ tan án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó kọ̀, ó sì jàre, nítorí èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó lè pa odidi ìdílé sójú oorun. Ni baálé ilé bá jáde, agbòjò lọ́wọ́ òsì, okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣòkòtò pénpé nídìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìdérí ìgò ló fi ń wọn bẹntiróòlù bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Ó fà á, kò dáhùn. Ó tún fà á, agbòjò dojú sókè. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ nínú ilé: "Dádì, ẹ fà á sí i!" Ó wọlé padà, omi ń ro tó tó tó lára rẹ̀, ó ní pílọ́ọ̀gì ló mumi.

Àrá sán. Màmá àgbà, tó ti fi aṣọ bo gbogbo dígí ilé, ké "Kábíyèsí o!" kó tó rántí pé ìyá ìjọ lòun, ló bá fi "Jésù!" tì í. Àwọn ọmọ figbe ta. Bàbá di tíṣà: bí mànàmáná bá ti kọ, kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán, mẹ́ta ni kìlómítà kan. Òótọ́ ni o, ìṣirò náà péye. Ọmọ tó ń kà á ni kò péye. "Ení, èjì, èje, ọgọ́rùn-ún!" Bí a bá fi èyí wò ó, àrá náà ti kọjá Lálúpọn, ó ń sún mọ́ Ìwó. Páànù orí ilé sì ń gbọ̀n rìrì.

Ẹnìkan só nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn kọjú sí Màmá àgbà. Màmá ní àrá ni.

Bàbá ní òun fẹ́ pàlọ́. Àlọ́ o! Àlọ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè kí Yánníbo ìyàwó rẹ̀ lè lóyún, ikùn Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ibẹ̀ ni bàbá gbàgbé ìyókù. Ó ní Ìjàpá wọkọ̀ lọ sí Èkó. "Ṣé wọ́n ṣe skáànù fún un?" "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Àbíkẹ́yìn ò tilẹ̀ bèèrè nǹkan kan. Ó na ìka, ó fi fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ sí apá kan, ó fẹ́ wo fídíò tó kàn.

Ìgbà yẹn ni ìgbẹ́ wá ń gbọ̀n àkọ́bí. Bó ṣe sọ ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n ìyókù. Wọ́n tò tẹ̀ léra wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, bàbá níwájú pẹ̀lú iná fóònù tó fẹ́ kú, Màmá àgbà lẹ́yìn pẹ̀lú korobá.

"Dádì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà."

"Ṣé ẹ ń wò mí?"

"Mi ò wò ọ́."

"Ẹ máa wò mí!"

Lóru, nígbà tí gbogbo wọn sùn tán, iná dé. "Up NEPA!" NEPA tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972 ti di PHCN ní 2005, wọ́n sì ti pín in, wọ́n ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún aládàáni ní 2013. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń pariwo yìí tí wọ́n ti bí nígbà náà. Inú wàrà ọmú ni wọ́n ti mu orúkọ yẹn. Wọ́n ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bèèrè kàtúùnù, ẹnìkan ń bèèrè ìrẹsì.

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa iná yẹn, kí àwọn ọmọ yìí lè sùn."

Bàbá yọ́ dé ìdí suwíìṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́kún: "Wọ́n ti mú iná lọ!"

"J and P ló já," ni bàbá wí. "Ẹ sùn."