Bí A Ṣe Ń Fojú Tẹ́ḿbẹ́lú Home Economics: Ìlànà fún Ọmọ Ilé-Ìwé Tó Gbọ́n Jù

Ìwọ ọmọ JSS 2 ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ tí o ti pinnu pé Home Econs kò wúlò, o kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ pàápàá ní ìlànà. Má fo ọ̀kankan.

1. Kéde pé iṣẹ́ obìnrin ni. Bí o bá ń gba inú ọjà Òṣòdì kọjá, dijú kí o má baà rí àwọn ọkùnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ń rán ṣòkòtò, tí wọ́n ń gbowó. Bí o bá dé Àjàó Estate, má bèèrè ẹni tó ń dáná láwọn òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú. Ó lè jẹ́ onírùngbọ̀n.

2. Bí o bá yọjú sí kíláàsì àwọn ẹ̀gbọ́n SSS, tí olùkọ́ Chemistry sì kọ ọ́ sójú pátákó pé sódà àti òróró a máa di ọṣẹ, pàtẹ́wọ́. Bí ti Home Econs bá po sódà àti òróró kan náà sínú ike, yínmú: "Àǹtí, ṣé alágbàfọ̀ la fẹ́ dà ni?"

3. Lọ́jọ́ tí ẹ máa dáná ní kíláàsì, ẹnì kan á mú ìrẹsì wá, ẹnì kan ata, ẹnì kan ẹja. Ìwọ mú ṣíbí. Ìgbà tí wọ́n bá ń bu oúnjẹ ni kí o yọjú, kí o sì sọ pé iyọ̀ kò tó.

4. Há nóòtì ètò ìnáwó sórí, fi yege Junior WAEC, kí o sì gbàgbé rẹ̀. Bí ọjà Aswani bá ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, sọ iye tó wà lápò rẹ fún ọlọ́jà kó tó dá iye lé aṣọ. Má yẹ ojú rírán wò. Bí o bá ra oúnjẹ inú agolo, má wá nọ́ńbà NAFDAC, má wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

5. Láti 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti fi iṣẹ́ ọwọ́ sí JSS, kí ọmọ tí kò bá rí ọ̀nà tẹ̀síwájú má baà jókòó lásán. Ìyẹn ò kàn ọ́. Ọ̀gá báńkì ni wàá dà tààrà. Nígbà tí NERDC, àjọ tó ń ṣètò ohun tí a ń kọ́ níléèwé, sì pa Home Econs pọ̀ mọ́ Agric, tí wọ́n pè é ní Pre-Vocational Studies, fi ṣe ẹ̀rí pé kò ní láárí. Bí o bá dé SSS, níbi tí Home Econs ti pín sí Foods and Nutrition, Clothing and Textiles àti Home Management, sọ pé àwọn tí ò mọ Maths ló ń ṣe é, bí ẹni pé ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn aṣọ kí wọ́n tó gé e.

6. Bí o bá wá ríṣẹ́, tí o gba yàrá sí Èjìgbò, máa jẹ Indomie láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Bọ́tìnì já? Sọ ṣẹ́ẹ̀tì nù. Da Jik sára àǹkárá kó lè mọ́. Máa sanwó fún alágbàfọ̀, fún télọ̀, fún ìyá olóúnjẹ, kí o wá máa bi ọ̀gá rẹ léèrè ìdí tí owó oṣù kì í fi í dé ogúnjọ́.

7. Bí o bá bí ọmọkùnrin, lé e jáde nílé ìdáná. Bí olùkọ́ bá ní kó mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá, kọ lẹ́tà ìbínú sí ọ̀gá ilé-ìwé. Òmùgọ̀ tí kò bá fi iṣẹ́ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, òun ló ṣe é dànù.