Ẹ̀gbọ́n Màá-Lọ

Iléeṣẹ́ adójútòfò ńlá èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá wọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìbáà jẹ́ ní Marina, ìbáà jẹ́ ní Victoria Island, ẹ óò bá Ẹ̀gbọ́n Màá-Lọ níbẹ̀. Kò ṣòroó dá mọ̀. Òun ni ọkùnrin tó kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí káàdì ìdánimọ̀ ọrùn rẹ̀ ti ṣá débi pé àwòrán inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ẹlòmíì. Ó ti jí láago mẹ́rin ààbọ̀ ní Mowe, ó ti há sínú gòsúlóò lórí Third Mainland Bridge, síbẹ̀ ó ti débi iṣẹ́ kí ọ̀gá tó dé. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀ rẹ̀: “Oṣù yìí ò ní parí bá mi níbí. Mo ti ṣe tán.”

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ọmọ tuntun tó wọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan ni àyà rẹ̀ já. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ríṣẹ́ síbòmíì ni?” Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àbúrò, àwọn kan ti ń pè mí.”

Àwọn kan yìí ti ń pè é láti 2007, lẹ́yìn tí ìjọba ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù méjì náírà, kí ti dúkìá ní bílíọ̀nù mẹ́ta, tí iléeṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì dà pọ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n fi ku 49. Ọmọdé òṣìṣẹ́ ni nígbà náà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n yọ pátákó orúkọ àtijọ́, ó sì sọ fún káfíńtà tó wà lórí àkàbà pé òun náà ò ní pẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ wà nínú fóònù. Ó máa ń fi han ẹni tó bá fẹ́ rí i. Ìwé ọ̀hún gún régé: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kí àwọn ọ̀gá tí kò fẹ́ẹ́ rí sójú, ó wá fún wọn ní oṣù kan gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Déètì òkè rẹ̀ nìkan ló ń yí. Bí ọ̀gá àgbà tí wọ́n kọ ọ́ sí bá fẹ̀yìn tì, á pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́, á fi ti ẹni tuntun sí i. Ọ̀gá àgbà mẹ́rin ni wọ́n ti kọ ìwé yìí sí, ọ̀kankan nínú wọn ò sì rí i títí tó fi lọ.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ohun tó ń bínú sí kì í ṣe àbùmọ́. Wọ́n á gba ọmọ tó jáde ní yunifásítì, tó mọ ìṣirò bí ẹni mowó, wọ́n á ní kó máa lọ wá oníbàárà nígboro. Wọ́n á gbé tágẹ́ẹ̀tì lé e lórí, èyí tó jẹ́ pé bí gbogbo ẹbí bàbá rẹ̀ bá talẹ̀, wọn ò lè bá a kó o jọ. Ẹ̀gbọ́n á fa bírò yọ, á ṣírò rẹ̀ fún un lẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Inṣọ́ránsì ọkọ̀ tí òfin ní dandan ni kí olúkúlùkù ọlọ́kọ̀ ní, ti ọkọ̀ àdáni ti di 15,000 náírà láti oṣù kìíní ọdún 2023. Kọmíṣàn ẹni tó tà á jẹ́ náírà méjìlá àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Èyí já sí 1,875 náírà.

“Yọ owó ọkọ̀ Mowe sí CMS, àlọ àtàbọ̀. Yọ oúnjẹ ọ̀sán. Kí ló kù?”

Ọmọ náà ò fèsì.

“Èmi ló kù,” ni Ẹ̀gbọ́n á wí. “Àwọn tá a jọ wọṣẹ́ ti lọ tán.”

Àwọn tó wà ní ẹ̀ka tó ń sanwó fún ẹni tí òfò ṣẹ̀ ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná á wá lẹ́ẹ̀kíní, á wá lẹ́ẹ̀kẹta, fáìlì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá kan lókè tí kò tíì fọwọ́ sí i. Ìyá náà ò mọ ọ̀gá yẹn. Ọmọ tó jókòó ní káńtà ló mọ̀, òun ló sì máa gbé èpè relé. Ẹni tó bá ti jókòó ní káńtà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, tó bá ní òun ń lọ, ẹ má bi í pé kí ló dé.

Àwọn aláṣẹ náà rí i pé èèyàn ń lọ. Wọ́n pèpàdé. Wọ́n dá ṣẹ́ẹ̀tì fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n kọ “Ẹbí kan ni wá” sẹ́yìn rẹ̀. (Ẹbí tó ń lé ọmọ jáde torí pé kò bá tágẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ta ni olórí ẹbí yẹn?) Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ó ní ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀, kí ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn sọ ọ́ jáde láìbẹ̀rù. Gbogbo ojú yí sí Ẹ̀gbọ́n Màá-Lọ. Ó dìde, ó wú ikọ́, ó so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé a lè rí ṣẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù báyìí lọ?”

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà tó yẹ kó gbé irú ẹjọ́ báyìí. ASSBIFI wà fún àwọn ọ̀gá kéékèèké, NUBIFIE wà fún àwọn ìyókù. Wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò lọ ìpàdé rí. Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Ẹni tó ti ń lọ, kí ló kàn án nínú ìjà ibi tó ń fi sílẹ̀?

Àwọn tó ń lọ ní tòótọ́ kì í pariwo. Ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣe ìdánwò CIIN, àjọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ adójútòfò, ó yege, kò bú ọ̀gá kankan. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, fọ́tò rẹ̀ ti jáde lórí WhatsApp nínú ẹ̀wù òtútù ní Manchester. Ó ti já pa. Òmíràn lọ sí báńkì. Òmíràn sọdá títì péré, ó bọ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò kejì, ó sì bá Ẹ̀gbọ́n Màá-Lọ tibẹ̀ lórí àga, tó ń sọ pé oṣù yìí ò ní parí bá òun níbí.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń lọ, Ẹ̀gbọ́n tiwa yìí ni alága ìgbìmọ̀ send-forth. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń wọlé sí, òun ló mọ ẹni tó ń ṣe kéèkì olówó pọ́ọ́kú, òun náà ló sì máa ń sọ̀rọ̀ ìdágbére. Lẹ́yìn àpèjẹ, á jogún àga onítọ̀hún. Àga tó jókòó lé báyìí jẹ́ ti ọ̀gá kan tó ti dé Kánádà, fáànù orí tábìlì rẹ̀ jẹ́ ti ọmọbìnrin Manchester. Ó jogún fáìlì wọn pẹ̀lú, nítorí iléeṣẹ́ kì í tètè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹni tó lọ. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ló ń ṣe fún owó ẹnì kan. Ó tún jogún gbèsè wọn: òun ni oníduúró fún ẹni méjì tó yáwó kòpẹ́rétífù kí wọ́n tó wọ bàálù.

Kí ló wá dè é mọ́lẹ̀? Owó kòpẹ́rétífù tòun náà ni, àti ti mọ́tò tí iléeṣẹ́ yá a. Èkejì ni pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọwọ́ òfìfo ni yóò fi lọ sílé. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró lè rí nǹkan gbà. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 ti gbé owó ìpìlẹ̀ dé bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún adójútòfò ẹ̀mí àti bílíọ̀nù 15 fún ti dúkìá. Àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù pé ìdàpọ̀ míì ń bọ̀. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi!” Ó tún mọ̀ pé òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, kó má sì dín sí owó ọdún mẹ́ta. Ó máa ń sọ pé bí òun bá kú síbí, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa san, ṣùgbọ́n bí òun bá fẹsẹ̀ ara òun rìn jáde, òun lòun máa fún wọn ní oṣù kan.

Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú ìpàdé pé inú àwọn òṣìṣẹ́ ò dùn, wọ́n á ní, “Ìráhùn kọ́ nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n yín yẹn ti ń ráhùn láti ọjọ́ yìí, ṣé ó lọ?” Ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń jáde. Lọ́dún tó kọjá wọ́n fún un ní fíríìjì fún iṣẹ́ pípẹ́. Ó sunkún nígbà tó ń gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ níbẹ̀, send-forth ẹni méjì wà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. 3,000 náírà ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ san án fún Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fòyà, kò ní gbówó yín sá lọ.